Ẹni tí Fúnmiláyọ̀ Gbẹ́kẹ̀ Lé

Ẹ̀yin ará, lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán àná ni mo nà sórí ẹní, oorun sì gbé mi lọ. Ọkùnrin aláṣọ funfun kan dúró tì mí, ó ní, "Dìde. Wá wo ìdájọ́ ẹjọ́ tí o ń rò kiri."

Ẹ mọ ẹjọ́ náà. Láyí ọ̀rẹ́ mi ló ta ọkọ̀ fún mi, ó ní sẹ́ńsọ̀, ẹ̀rọ tó ń ríran, wà níwájú rẹ̀, bí nǹkan bá dí ọ̀nà, yóò tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ ọ̀hún ló rọ́ lu ẹ̀yìn tírélà tó dúró, tó pa Fúnmiláyọ̀ àbúrò mi. Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Mo fẹjọ́ Láyí sùn, àwọn ọlọ́pàá sì tì í mọ́lé títí dòní.

A dé ibi iná. Mo rí àwọn onírọ́, ahọ́n wọn gùn dé ilẹ̀, iná ń lé wọn, wọ́n ń sá, wọ́n ń tẹ ahọ́n ara wọn mọ́lẹ̀, wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń dìde, iná ò dúró, mo ké, n kò gbọ́ ohùn ara mi. Mo wá Láyí láàárín wọn, n kò rí i, ààyè kan ṣoṣo ló ṣófo níbẹ̀.

Amọ̀nà mi ní, "Ó fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ rẹ̀, yóò jíhìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ààyè tó ṣófo yìí kì í ṣe tirẹ̀."

Ó mú mi gòkè lọ síbi ìsinmi, níbi tí Fúnmiláyọ̀ jókòó sí lábẹ́ igi. Mo sáré bá a, mo ní Láyí dalẹ̀ wa.

Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí mọ́.

"Bọ̀dá mi, èmi ò mọ ohun tó ń jẹ́ sẹ́ńsọ̀. Ẹ̀yin ni mo gbẹ́kẹ̀ lé tí mo fi wọkọ̀. Wọ́n ń gbàdúrà lórí rédíò, ẹ dijú níbi tí ẹ ti ń wakọ̀. Mo ní kí ẹ lajú, ẹ ní kí n dákẹ́, pé ọkọ̀ ń ríran."

Mo jí, mo ń sunkún.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ ṣọ́ra. Ẹ̀rọ yẹn a máa ríran, ọjọ́ tí kò bá sì rí, kò ní sọ fún yín. Mo sọ fún ọlọ́pàá pé mo tẹ bíréèkì, kò mú. Irọ́ ni. Èmi ni mo da àbúrò mi.

Bàbá Dámilọ́lá, ẹ̀yin ọkọ Fúnmiláyọ̀, mo ń lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lẹ́yìn ìsìn yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi lọ. Bí ẹ kò bá lè bá mi jókòó nínú ọkọ̀ kan náà, n ó fẹsẹ̀ rìn.