Òróró inú Ìlasa

Ẹ fi ìrọ̀rí gbé mi lórí sókè. Ẹ̀yin ẹbí mi, Ọmọ́tárá ọmọ mi, àti ìwọ Obadiah tí mo ní kí wọ́n ránṣẹ́ pè láti Ìgàngan, ẹ jókòó. Dókítà ti sọ tirẹ̀, mo sì ti gbọ́. Ohun tí mo ti gbé mì láti ọdún mẹ́fà kò gbọdọ̀ bá mi wọ kòtò. Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ n'Ígbó-Ọrà pé irọ́ kò dára!

Ẹ rántí ọdún tí Ọmọ́tárá ṣe ipò kejì n'Ìbàdàn, níbi ìdíje àwọn obìnrin tó ń fi iṣan ara hàn. Nígbà tí ìsinmi dé lẹ́yìn ìdíje náà, Obadiah tó ń kọ́ ọ ní jíìmù Èrúwà ní kó jẹun dáadáa, kí ara rẹ̀ lè kún. Háà, inú mi dùn! Ọmọ mi ń gbé láfún mì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ, ìdí yọ. Wọ́n ń kí mi kú ìtọ́jú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ló máa wà títí ọkọ á fi dé.

Àfi ìgbà tí ìdíje mìíràn ku oṣù mẹ́ta. Obadiah kọ oúnjẹ sínú ìwé: ẹja sísè, funfun ẹyin, ọbẹ̀ ìlasa tí kò gbọdọ̀ rí epo tàbí òróró rárá, kí ọ̀rá lè tán lára rẹ̀, kí iṣan lè hàn. Ọmọ́tárá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ìyá kan dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn, ó ní, "Màmá Ọmọ́tárá, ṣé kì í ṣe àìsàn burúkú ló ń ṣe ọmọ yìí?" Ìtìjú bò mí. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo da òróró sínú ìlasa rẹ̀, tí mo fi ìjábẹ̀ já a títí kò fi hàn mọ́. Ó di ojoojúmọ́. Mo ní ìfẹ́ ìyá ni. Ìfẹ́ wo? Ẹnu ayé ni mo ń sá fún.

Kílò rẹ̀ kò lọ sílẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò fi òróró sí i?" Mo gbọ́wọ́ lé Bíbélì, mo búra. Ó gbà mí gbọ́, ó sì tún dín oúnjẹ kù. Obadiah ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ yìí ò yé mi, ẹ jẹ́ kó fi ìdíje yìí sílẹ̀." Mo rò pé ó ti ń fura sí mi, mo lé e jáde. Ọmọ́tárá bá yọ́ lọ ra oògùn tó ń fa omi ara jáde. Ó dákú ní gáréèjì Èrúwà láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, kíndìnrín rẹ̀ kò sì padà bọ̀ sípò mọ́.

Èyí tó burú jù ló kù. Ẹ bi mí pé ta ló fún un lóògùn, mo ní Obadiah ni. Nígbà tí ọmọ la ojú, tó ní kì í ṣe Obadiah, mo ní ó ń bò ó láṣìírí ni. Ẹ̀yin náà lẹ lọ fọ́ jíìmù rẹ̀. Ó padà sí Ìgàngan lọ gbin ẹ̀gẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ọmọ́tárá ń wẹ̀ mí, ó ní, "Màmá, gbogbo ohun tó yẹ ni mo ṣe. Ara mi ló dà mí." Mo fẹ́ kú sínú omi náà.

Ẹ̀yin ìyá, bí ohun tí ọmọ yín ń ṣe ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́, ẹ má fi ìkòkò sọ ọ́. Obadiah, wò mí, dárí jì mí bí o bá lè. Ọmọ́tárá, ìwọ ò jẹ mí ní ìdáríjì kankan. Ṣùgbọ́n má bá ara rẹ bínú mọ́. Ohun tí mo fún ara rẹ ló jẹ. Èmi ìyá rẹ ni mo dà ọ́.