Pátákó Orúkọ Ọkọ Mi ní Ọ̀run Àpáàdì

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ má tíì ṣe àmín. Ẹ gbọ́ ọ dé òpin ná. Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí, èmi Ìyá Fúnmi kì í ṣe aríran. Bí àwọn aríran bá dìde nínú ìjọ yìí, èmi ni mo máa ń wo ojú wọn bóyá wọ́n jẹun àná yó. Bí mo bá wá dúró síwájú yín lónìí, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ju agbára mi lọ.

Ní àná, lẹ́yìn tí àwa obìnrin parí àdúrà ọ̀sán, mo padà sílé. Ẹ mọ ohun tó ń lọ lọ́dọ̀ wa. Ọkọ mi, Bàbá Fúnmi, ni alága ẹgbẹ́ onílé. Káńsù fẹ́ la ọ̀nà tuntun lẹ́yìn ilé wa, wọ́n sì fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ pè é, Òpópónà Ajíbádé. Ojú àgbàrá ni ọ̀nà ọ̀hún máa gbà. Wọ́n á da iyẹ̀pẹ̀ pupa dí i, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, omi á sì wá ibòmíràn gbà. Ibòmíràn náà ni Ìsàlẹ̀-Odò, níbi tí àwọn ayálégbé àti àwọn opó ń gbé. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò níí gbà fún un. Àwa onílé ti gbà fún un, nítorí pé ilé ẹlòmíràn ló fẹ́ wó.

Ọkọ mi kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹ mọ àṣà àdúgbò yìí, pé ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ́lé sójú ọ̀nà ló ń fi orúkọ ara rẹ̀ pè é. Ibi gbogbo tí ọkọ mi ti ra ilẹ̀, ẹlòmíràn ti ṣáájú rẹ̀ kọ́lé. Ó ń gbé lójú ọ̀nà tó ń jẹ́ orúkọ ẹni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, ó sì ń dùn ún dọ́kàn. Nígbà tí alága káńsù wá sọ pé òun máa fi orúkọ rẹ̀ pe ọ̀nà tuntun bí ẹgbẹ́ onílé kò bá ṣàtakò, kò sùn lọ́jọ́ náà nítorí ayọ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ri pátákó orúkọ náà mọ́lẹ̀. Ọ̀la ni ọkọ̀ típà máa kó iyẹ̀pẹ̀ dé.

Mo ti bá a sọ ọ́ títí ẹnu mi fi bó. Nítorí náà mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga lánàá, mo ní kí Olúwa fúnra rẹ̀ bá a sọ ọ́. Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ni oorun ti gbé mi lọ.

Mo rí ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun, tí n kò lè wo ojú rẹ̀ pẹ́. Ó ní, "Ìyá Fúnmi, dìde. Wọ́n ní kí n mú ọ rìn ládùúgbò." Mo tẹ̀ lé e. A kọ́kọ́ dé ìlú kan tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tutù. Ilé pọ̀ níbẹ̀, ọ̀nà pọ̀, gọ́tà wà létí ọ̀nà, omi inú rẹ̀ sì mọ́ tó èyí tí a ń bù mu. Mo wò títí, n kò rí pátákó orúkọ kankan. Mo béèrè bí àlejò ṣe ń mọ ilé tó ń lọ. Ó ní, "Wọ́n mọ ara wọn níbí."

Ta ni mo rí lẹ́nu ọ̀nà ilé kan? Ìyá Àlàbá ni, opó Ìsàlẹ̀-Odò tí ògiri wó lù nígbà òjò tó kọjá, tí a sin láti inú ìjọ yìí. Ó jókòó, ó ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú omi, ẹ̀rù omi kò sì bà á mọ́. Ó kí mi, ó ní kí n bá òun kí ọkọ mi, kí n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó dúró ti àwọn ọmọ òun nígbà ìsìnkú. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá a ti gbẹ́ ojú àgbàrá kí ó lè fẹ̀ sí i, nítorí àwọn ọmọ òun ṣì ń gbé inú yàrá kejì tí kò tíì wó. Ojú tì mí débi pé èmi ni mo ní kí ọkùnrin náà jẹ́ ká máa lọ.

Òórùn ibi tí a kàn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí nǹkan kan. Òórùn gọ́tà tí wọn kò kó rí ni. Ojú mi wá là, mo sì rí i pé àdúgbò wa ni, tàbí ohun tó jọ ọ́, ṣùgbọ́n ooru ń jáde láti inú ilẹ̀, kò sí ojú ọ̀nà kan tí kò ní pátákó, gàdàgbà gàdàgbà, wọ́n ń tàn yanranyanran. Mo rí àwọn kan tí wọ́n la ẹnu sábẹ́ ẹ̀rọ omi, iyanrìn gbígbóná ló sì ń tú sí wọn lọ́fun. Ọkùnrin náà ní, "Òpùrọ́ ni wọ́n. Gbogbo ìgbà tí ìbò bá dé ni wọ́n ń ṣèlérí omi." Mo rí ọkùnrin kan tó ń sáré lọ sí ìpàdé, tó wọ agbádá, tí ilé ìpàdé náà ń sún síwájú bó ṣe ń sáré. Aláṣọ funfun ní, "Alágbèrè ni. Ìpàdé àdúgbò ló máa ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ń lọ." Mo rí àwọn obìnrin tí ìdọ̀tí ń ya lù láti òkè, ọ̀rá, ìledìí ọmọ, gbogbo ohun tí wọ́n ń dà sínú àgbàrá nígbà tí òjò bá ń rọ̀ kó lè gbé e lọ síwájú ilé aládùúgbò. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ má wo ara yín. Gbogbo wa ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

A yà sí ọ̀nà kan tó tóbi. Mo ka pátákó rẹ̀, Òpópónà Àkànbí. Ẹ mọ̀ ọ́n, ọ̀nà tó lọ sí ọjà wa ni. Ní àárín ọ̀nà náà ni Olóyè Àkànbí, alága káńsù àtijọ́, dúró nínú omi tó ń hó, tó dé àyà rẹ̀, ó sì di òpó pátákó náà mú. Ọkùnrin tí a fi orin sin! Mo fẹ́ kúnlẹ̀ kí i, àfi bí ọkùnrin aláṣọ funfun ṣe fà mí sókè.

Olóyè ní, "Ìyá Fúnmi, ṣé wọ́n ṣì ń pe orúkọ mi?"

Mo rò pé inú rẹ̀ máa dùn. Mo ní, "Lójoojúmọ́ ni, Bàbá. Ọlọ́kadà, ọlọ́jà, ọmọ kékeré, gbogbo wọn ló ń pè é."

Ló bá bú sẹ́kún. Bó ti ń sunkún ni mo gbọ́ ohùn kan láti òkè, ohùn èrò ọkọ̀ lásán, tó ní kí awakọ̀ sọ òun ní Àkànbí, omi náà sì ru gùdù, ó kúrò láyà, ó dé ọrùn, ó dé àgbọ̀n, ó ń na imú sókè, mo sì ń pariwo pé kí ẹnì kan ràn án lọ́wọ́, kò sí ẹni tó yíjú.

Ọkùnrin náà ní, "Ó lé àwọn ènìyàn kúrò nílé wọn kó tó la ọ̀nà yìí. Ìgbàkigbà tí wọ́n bá pè é, omijé wọn ń dé bá a."

Mo ní kí ó mú mi padà sílé, ó tó. Ó ní ó ku ọ̀kan. A yà sí ọ̀nà tuntun kan, iyẹ̀pẹ̀ pupa, gbígbẹ, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, pátákó kan ṣoṣo ló dúró, ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ, mo kà á, mo tún un kà, Ajíbádé, orúkọ tí mò ń jẹ́ láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, mo sáré lọ dì í mú, mo fà á, ó jó mi lọ́wọ́, mo fi àyà tì í, mo fi eyín fà á, kò mira. Mo bẹ ọkùnrin náà pé kó bá mi fà á.

Ó ní, "Ẹni tó rì í nìkan ló lè hú u. Kò tíì dé síbí. Àyè ṣì wà."

Kó tó sọ̀rọ̀ tán, ẹnì kan pe orúkọ náà lókè. Omi díẹ̀ sun jáde nídìí òpó, ó sì kàn mí lẹ́sẹ̀. Ó gbóná. Igbe tí mo ké ló jí mi.

Ọkọ mi ló dì mí mú. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, n kò fi ọ̀kan pamọ́. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Orúkọ bàbá mi náà ni, Ìyá Fúnmi. Kò fi nǹkan mìíràn sílẹ̀ fún mi láyé." Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo bi í pé kí ló dé tó fẹ́ rì í sínú omi nígbà náà. Ó jáde lọ bá àwọn tó wá kí i kú oríire.

Láàárọ̀ yìí tí a ń bọ̀ nílé Olúwa, ọlọ́kadà kan dúró, ó bi wá bóyá Ajíbádé la ti ń bọ̀. Mo wo ẹsẹ̀ ọkọ mi. Ó bi mí pé kí ni mò ń wò.

Ẹ̀yin ará, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má pe ọ̀nà yẹn lórúkọ. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá sì dúró lórí ẹ̀kún ẹlòmíràn, kí ó tètè wá nǹkan ṣe sí i, nítorí mo rí òpó tí wọn kò tíì fi pátákó sí níbẹ̀, wọ́n pọ̀.

Bàbá Fúnmi, ẹ̀yin tí ẹ jókòó láàárín àwọn àgbà yẹn, mo mọ̀ pé inú ń bí yín pé mo sọ ọ́ ní gbangba. Ẹ bínú sí mi, ẹ má jẹ oúnjẹ mi, mo gbà. Ṣùgbọ́n mo ti gbìyànjú láti hú pátákó náà, ọwọ́ mi kò ká a. Ọ̀la ni típà ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde ńbẹ̀ yẹn, kí ẹ máa lọ sílé.