Ohùn Tí Mo Fi Pe Ìbíwùmí Nídìí Ìbọn

Èmi Túbọ̀sún, mo yìnbọn ní Creekmouth lọ́jọ́ kan, ọta rẹ̀ fò kọjá odò Thames, ó fá irùngbọ̀n ọkùnrin kan tó ń pẹja ní òdì kejì láì kan awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó yí padà wá bá mi, mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ hán an bí ẹni hán ẹ̀pà. Ṣé ẹ ti rẹ́rìn-ín? Ẹ rín in tán o, nítorí ẹ̀rín tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́. Irọ́ tí mo pa yẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Èyí tí mo ṣe gan-an, tí n kò sọ fún ẹ̀dá kankan, òun ló ń jẹ mí nínú bí kòkòrò ṣe ń jẹ ẹ̀wà tí wọ́n gbàgbé sínú àpò. Mo gbé e mì, kò dà. Ó tó àsìkò kí n pọ̀ ọ́. Ìwé tí mo kà kò tó nǹkan, ẹ̀yìn fèrèsé ni mo dúró sí gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ mi bá wọ́ níbì kan, ẹ bá mi tọ́ ọ.

Ilé ìjọsìn wa kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin ní Dagenham Heathway, àwa aláṣọ funfun tí í bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà ká tó wọlé. Gbogbo ìjọ ló mọ ẹnu mi. Ẹ̀bùn méjì ni Ọlọ́run fún mi: àbùmọ́, àti sísín ènìyàn jẹ. Mo lè sín Wòlíì Láyí, olórí wa, jẹ tí ìyàwó rẹ̀ á fi dáhùn láti inú yàrá. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ti Màmá Ìyìn, ìyá àgbà tó ń se ẹ̀wà fún wa lẹ́yìn ìsìn. Eyín iwájú Màmá ti ká, bó bá sì ti fẹ́ sọ̀rọ̀, atẹ́gùn á súfèé gba àlàfo náà kọjá. Bí mo bá sín in jẹ ní kíṣìnnì, Màmá fúnra rẹ̀ á rẹ́rìn-ín títí á fi gbá ògiri mú. Á ní, "Ìwọ ọmọ yìí! Lọ́jọ́ tí mo bá kú, ìwọ ni kí wọ́n gbé jókòó sórí àga mi, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé mo ti lọ." Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Ìyá yìí fẹ́ràn mi.

Ẹnu yìí náà ló gbé mi dé ìdí ìbọn. Lọ́jọ́ Àìkú kan, mo ń sọ fún wọn pé ọdẹ ni bàbá mi nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, pé mo dijú nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo fi ọta kan ṣoṣo pa ẹtù méjì, ọta náà sì ti bó awọ wọn kí wọ́n tó balẹ̀. Morákinyọ̀, ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rù kan ní Creekmouth, gbé abọ́ sílẹ̀. "Ó dáa, ọmọ ọdẹ. Ẹgbẹ́ kan wà lẹ́bàá ibi iṣẹ́ mi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìbọn ìléwọ́. Ìbọn alátẹ́gùn ni o, èyí tí òfin ìlú yìí gbà. Àwọn tí kò mọ nǹkan kan ni wọ́n ń kọ́ ní ìpìlẹ̀. Wá fi ara rẹ hàn wọ́n." Mo ní, "Ìpìlẹ̀ kẹ̀? Èmi tí mo ti di òrùlé?" Ó ní, "Òrùlé tí kò ní ìpìlẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ni ín." Wọ́n rẹ́rìn-ín, kò sì sí ibi tí mo fẹ́ sá gbà mọ́.

Ìbíwùmí gbọ́ wa, ó ní òun náà á bá wa lọ. Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni títọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú nílé lọ́hùn-ún, tó jẹ́ pé orí fóònù ló ti wo ìsìnkú rẹ̀, ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Bó bá gbé tíì, ìdajì á wà nínú kọ́ọ̀pù, ìdajì á wà lórí ẹni tó gbé e fún. Wọ́n ti fẹ́ẹ́ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnìkan ló sọ fún un pé ìbọn yíyìn sí àmì máa ń kọ́ ọwọ́ ní ìfọkànbalẹ̀. Ohun tó ń fi ìbọn wá nìyẹn. Èmi, ẹ̀rín ni mo ń fi wá.

Catherine ni orúkọ tíṣà wa, obìnrin òyìnbó kan tí irun rẹ̀ ti funfun, tí kì í gbé ohùn sókè. Kò jẹ́ ká fọwọ́ kan ìbọn títí tó fi kọ́ wa bí a ṣe ń dúró. Bí ẹni pé a ò tí ì dúró rí láyé wa! Ó ní ká di ìbọn mú bí ẹni di òròmọdìyẹ mú: kó má kú, kó má sì sá lọ. Ó ní ká mí síta díẹ̀, ká dá èémí dúró, ká tẹjú mọ́ irin kékeré tó wà lórí ẹnu ìbọn, ká jẹ́ kí páálí àmì ṣú bàìbàì lọ́ọ̀ọ́kán. Ó ní ká má fa ohun tí a fi ń yìn ín, ká rọra máa tẹ̀ ẹ́, kí ìró rẹ̀ bá àwa náà lójijì. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tó ń tún sọ bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní àdúrà: "Ẹnu ìbọn kì í kúrò níbi àmì. Ìbáà ṣe pé ilé ń jó lẹ́yìn yín, ẹ kọ́kọ́ gbé ìbọn sórí tábìlì, kí ẹ tó yíjú." Èmi ń bá Morákinyọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ bàtà rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́.

Nígbà tí a wá bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín, àṣírí ọmọ ọdẹ tú. Ọta mi wọ ara ògiri. Ọta mi wọ páálí Morákinyọ̀. Ó ké pé, "Ọdẹ, ẹran mi lo pa yìí o! Lọ pa tìrẹ!" Mo ní ìbọn náà ló wọ́. Catherine gbà á lọ́wọ́ mi, ó yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ó ba àárín gbùngbùn, ó dá a padà fún mi. Ti Ìbíwùmí kọ́kọ́ burú ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ràn. Bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, ihò tó ń dá sí páálí bẹ̀rẹ̀ sí í súnmọ́ ara wọn bí ọmọ tó yí àwo oúnjẹ ká. Lọ́jọ́ Àìkú kan ó gbé tíì gbígbóná fún Màmá Ìyìn láti kíṣìnnì dé iwájú ìjọ, ìkán kan kò kán sílẹ̀. Màmá dìde, ó jó yí i ká. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ẹnìkan wá ké láti ẹ̀yìn pé, "Ọdẹ tòótọ́ rèé! Túbọ̀sún, wá kó àpò bàbá rẹ fún un!" Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Àmọ́ n kò tún pàtẹ́wọ́ fún un mọ́.

Catherine sọ fún wa pé ní Sátidé tó ń bọ̀, òun á mú ẹnìkan tí yóò ṣojú àwa akẹ́kọ̀ọ́ níwájú àwọn ẹgbẹ́ mìíràn. Nínú bọ́ọ̀sì, bí a ṣe ń padà sí Barking, Ìbíwùmí sọ fún mi pé, "Bùrọ́dá Túbọ̀sún, wọn ò mú mi fún nǹkan kan rí, láti kékeré mi. Ẹ bá mi gbàdúrà." Mo ní, "Wọ́n á mú ọ. Ọba fúnra rẹ̀ á wá gbé báàgì rẹ." Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo ti ń gbèrò ohun tí mo máa ṣe.

Ó di Sátidé. Ìbíwùmí ló yìn ín kẹ́yìn, gbogbo ọta rẹ̀ ló sì ń wọ inú dúdú àárín páálí. Morákinyọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé awò tí wọ́n fi ń dáàbò bo ojú sókè kó lè nu òógùn. Èmi jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn Ìbíwùmí gan-an. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi bí ẹni fẹ́ húkọ́, mo wá yọ ohùn Màmá Ìyìn jẹ́jẹ́, kó má dé etí ẹlòmíràn, pẹ̀lú súfèé rẹ̀ àti gbogbo rẹ̀: "Ìbíwùmí, ṣé o ò rí mi ni, ọmọ mi ọ̀wọ́n?" Títí di òní mo ń sọ fún ara mi pé àwàdà ni. Ẹ má gbà á. Ẹni tó ń ṣàwàdà kì í fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo rò pé ọwọ́ rẹ̀ á kàn gbọ̀n, kí ọta rẹ̀ tàsé, kí wọ́n má mú un. Mo gbàgbé ilé tí wọ́n ti tọ́ ọmọ náà. Ta ni nínú wa tó máa gbọ́ ohùn àgbà lẹ́yìn rẹ̀, tí kò ní yíjú? Orúnkún rẹ̀ ti tẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ tó bá a. Ó yí padà, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó ní, "Ẹ káàsán, mà," tòun ti ìbọn lọ́wọ́. Ìka rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ọta náà kọlu etí tábìlì onírin, ó ta padà, ó ba Morákinyọ̀ lábẹ́ ojú. Ìwọ̀n èékánná kan péré ló kù kó wọ ẹyin ojú. Ẹ̀jẹ̀ bò ó dé ọrùn.

Catherine kò pariwo. Ó gba ìbọn náà, ó fi aṣọ di ojú Morákinyọ̀, ó sì sọ fún Ìbíwùmí jẹ́jẹ́ pé kó má padà wá mọ́. Ọmọ náà ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ń wo ẹnu ọ̀nà, ó ń wo ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì, ó ní, "Màmá Ìyìn pè mí. Mo gbọ́ Màmá." Kò sí Màmá kankan níbẹ̀. Ó wá kọjú sí mi. "Bùrọ́dá Túbọ̀sún, ẹ̀yin lẹ súnmọ́ ibẹ̀ jù. Ẹ gbọ́ wọn, àbí ẹ ò gbọ́?" Mo ní, "N kò gbọ́ nǹkan kan." Ojú mi báyìí ni ọwọ́ rẹ̀ tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ẹ rò pé mo ti sọ èyí tó burú jù? Ó kù. Lọ́jọ́ Àìkú, ìjọ bi mí léèrè nítorí pé mo wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá parí rẹ̀. Àmọ́ àìsàn àbùmọ́ gbé mi. Mo ní, "Èmi ò gbọ́ ohùn o. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn tútù kan kọjá létí mi, mo sì gbọ́ òórùn róòbù." Ta ni kò mọ ẹni tó ń fi róòbù para láàárín wa? Gbogbo ojú yí sí àga Màmá. Ẹnìkan mí kanlẹ̀. Bí wọ́n ṣe sọ Màmá Ìyìn di ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ ń rìn lọ́sàn-án gangan nìyẹn. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọmọ wọn lẹ́yìn rẹ̀. Ìkòkò ẹ̀wà rẹ̀ ń kún bọ̀ wálé bó ṣe kún lọ. Lọ́sẹ̀ kan ó bu tèmi wá bá mi níbi tí mo jókòó sí, ó ní, "Túbọ̀sún, ìwọ lo máa ń sọ òótọ́ fún mi nínú ẹ̀rín. Kí ni mo ṣe fún wọn?" Mo ní mo ń gbààwẹ̀. Ó gbé abọ́ náà padà.

Kí n tó sọ bó ṣe parí, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀ níhìn-ín, nítorí ẹsẹ̀ mi kò jẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Ìbíwùmí, dárí jì mí. Etí rẹ kò ṣe nǹkan kan, orí rẹ pé. Morákinyọ̀, dárí jì mí. Catherine, bí ẹnìkan bá lè túmọ̀ èyí fún un: ọmọ náà kò ṣàìgbọràn, àgbà ló gbọ́ tó ń pe òun. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ̀ ń fi ẹnu mi ṣeré, ohun tó wà lẹ́nu yín náà ní ọta nínú. Ẹ gbé e sílẹ̀ kí ẹ tó yíjú.

Wòlíì Láyí pe ìpàdé. Màmá Ìyìn kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, arúgbó yẹn, ó ní òun kò mọ ọ̀nà Creekmouth pàápàá. Wòlíì ní kí Ìbíwùmí sọ ohun tó gbọ́. Ó ń sunkún. "Màmá, ẹ má bínú, n kò fẹ́ ba orúkọ yín jẹ́. Ohùn yín ni. Ó ń súfèé, bí tiyín ṣe máa ń súfèé." Màmá dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó wá ti ìka bọ ẹnu, ó yọ eyín jáde, eyín tuntun, ó tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́ kí gbogbo wa lè rí i, ó sì dá a padà sẹ́nu. Ó ní, "Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Sátidé yẹn ni wọ́n fi eyín yìí sí mi lẹ́nu. Mo wà nílé, ẹnu ń dùn mí, n kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Látìgbà náà, ta ló tún gbọ́ súfèé lẹ́nu mi nínú yín?" Wọ́n wo ara wọn. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ. Èmi tí mo ń sín in jẹ lójoojúmọ́, èmi gan-an kò fetí sí i pé ohùn náà ti yí padà. Morákinyọ̀ wá rọra yíjú sí mi, àpá pupa lábẹ́ ojú rẹ̀. Ohun tí gbogbo wọn ti máa ń fi ẹ̀rín bẹ̀ mí pé kí n ṣe náà ló sọ, àmọ́ kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. "Túbọ̀sún, sín Màmá jẹ ká gbọ́."

Mo la ẹnu. Atẹ́gùn nìkan ló jáde, ó sì súfèé.

N kò mọ ìgbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà. Mo fò kọjá lórí bàtà gbogbo ìjọ, mo já sí ìta nínú aṣọ funfun pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, àwọn tó ń jáde látinú ọkọ̀ ojú irin ń yà fún mi ní Heathway bí ẹni rí iwin. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń sáré bọ̀ lẹ́yìn mi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo bojú wẹ̀yìn. Màmá Ìyìn ni. Bàtà mi ló gbé dání méjèèjì. "Túbọ̀sún! Ilẹ̀ tutù, ọmọ mi! Dúró wọ bàtà rẹ!" Ohùn rẹ̀ já gaara, kò sí súfèé nínú rẹ̀. Àgbà ló ń pè mí lẹ́yìn. Ìbíwùmí ì bá kúnlẹ̀. Èmi, mo sá.