Rédíò Tó Pa Julianah

Jùwọ́n, má wulẹ̀ gbé àga fún mi, mi ò jókòó! Àní mi ò jókòó! Ṣé ìwọ kọ́ lo sọ pé rédíò ọkọ mi ti sàn? O ní fólíúmù ló dọ̀tí, o nù ún, o fẹ́ atẹ́gùn sí i, o ní, "Màmá, ẹ máa gbé e lọ, ó ti ń sọ̀rọ̀ ketekete." Ketekete wo nìyẹn?

Ṣebí mo wí fún ọ! Mo ní bí mo bá ki wáyà etí bọ ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ohùn á já gaara. Bí mo bá yọ ọ́, á máa sọ̀rọ̀, á máa dákẹ́, àfi kí n gbá a nídìí. Ṣé kì í ṣe ihò yẹn ló yẹ kó o kọ́kọ́ yẹ̀ wò? O ní màmá ò mọ nǹkan kan nípa rédíò. Kí lo sọ? Bátìrì? Ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ bátìrì! Mo ti lọ sunkún ẹni tí ò kú!

Ehn, lanu, lanu dáadáa.

Láàárọ̀ àná, mo ń gé ẹ̀fọ́ nílé ní Ìgbọ̀nà, ìkéde ń lọ lórí rédíò. Rédíò dákẹ́, ó tún ta kìì, ó ní, "Julianah Ògúnlẹ́yẹ ti Ìwàràjà kú," ó bá panu mọ́. Ìgbà tó máa tún lanu, "àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ." Ye! Julianah, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń kọrin nínú ìjọ kí ọmú tó yọ láyà wa! Mi ò ro ti ẹ̀fọ́ mọ́. Mo wọ dúdú, mo wọkọ̀ Ìwàràjà, mò ń sunkún, àwọn èrò ọkọ̀ ń bá mi sun ún, awakọ̀ gan-an ń nu imú.

Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo figbe ta, "Julianah, ó dìgbà o, ó dàrìnnàkò!" Ta ló jáde? Julianah! Ó we gèlè tuntun, itan adìyẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀! Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í jẹ Ìyá Ìjọ ni. Kú oríire ni ẹbí ń kí i lórí rédíò, Jùwọ́n! O jẹ́ kí oríire há sínú ihò, kú nìkan ló jáde sí mi!

Bí kì í bá ṣe tèmi ni, ǹ bá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n èmi àti ẹ̀ ni wọ́n jọ dárúkọ fún oyè yẹn, gbogbo ìjọ ló mọ̀. Ó wo aṣọ dúdú mi láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ìbíjọkẹ́, ṣé torí oyè lo ṣe ń sin mí láàyè?" Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, gbàù! Mo pè é lórí fóònù títí, kò gbé e. Ó dùn mí dé eegun.

Rárá, má fọwọ́ kan rédíò yẹn! Mi ò fẹ́ "ẹ má bínú." Wọ bàtà ẹ. Ìwàràjà là ń lọ báyìí, ìwọ ni wàá ṣíwájú, ìwọ ni wàá dọ̀bálẹ̀, ìwọ ni wàá sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ ẹ ló pa á. Àmọ́ mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, bó o bá ń kí i kú oríire, má ṣe mí èémí láàárín "kú" àti "oríire" o!