Èmi Ni Mo Ń Ba Kọ̀ǹpútà Àwọn Ọmọ Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Mi Jẹ́

Ọjọ́ tí mo fi írésà nu ẹnu mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi, tí ojú rẹ̀ tó ti dúdú sì tàn padà, ni iṣẹ́ yìí wọ inú ẹ̀jẹ̀ mi. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo tú u, mo wò ó, mo tò ó padà.

Ẹrù kan wà láyà mi. Mo ń sọ ọ́ báyìí torí pé Ṣẹ̀rífátù, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi, máa gba fírídọ́ọ̀mù lóṣù tó ń bọ̀.

Wọ́n ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí mọ kọ̀ǹpútà ju àwa lọ. Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni. Fóònù ni wọ́n mọ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà mi ní Ìtámágà, ní Ìkòròdú, ẹ ní kí wọ́n wá lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ lánàá, wọ́n á ní, "Àǹtí, ó ti lọ." Kò lọ síbì kankan. Wọn ò mọ fódà tí wọ́n fi í sí ni.

Torí náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ba kọ̀ǹpútà jẹ́ fún wọn, kí wọ́n lè fọwọ́ ara wọn wá ohun tó ṣe é. Kí wọ́n tó dé láàárọ̀, mo máa ń fa mẹ́mọ́rì kúrò díẹ̀ ní ihò rẹ̀, tàbí kí n tú wáyà kan. Mo máa ń ní iná ló bà á jẹ́.

Lọ́jọ́ kan, mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ oníbàárà wà lórí èyí tí mo tú. Ọkùnrin náà dé, iṣẹ́ rẹ̀ ò tíì jáde, ó bínú, ó béèrè ẹni tó lo kọ̀ǹpútà náà gbẹ̀yìn. Gbogbo wọn ní Ṣẹ̀rífátù ni. Èmi tí mo tú u ni mo sì ní kó máa lọ sílé wọn ní Ẹ̀pẹ́.

Bàbá rẹ̀ gbé ẹja yíyan láti Ọjà Olúwo wá bẹ̀ mí. Ó dàgbà ju bàbá mi lọ, ó sì fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ fi ti Ọlọ́run ṣe é, ọ̀gá. Ẹja ni gbogbo ilé wa mọ̀. Òun nìkan ló ní èyí lòun fẹ́."

Mo ní mo ti dárí jì í. Èmi tí mo jẹ̀bi. Mo gba ẹja náà, mo sì fi se ọbẹ̀.

Láti ìgbà tí ó ti padà, Ṣẹ̀rífátù kì í pè mí mọ́ bí nǹkan bá bàjẹ́. Á kọ́kọ́ tú ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wò mí títí, ó ní, "Àǹtí, iná ṣọ́ọ̀bù yìí mà mọ síkúrúù tú o."

Mi ò kábàámọ̀ pé mo tú kọ̀ǹpútà. Ẹ má retí ìyẹn lẹ́nu mi. Ta ni ì bá kọ́ wọn? Àmọ́ mo jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ ru ẹ̀bi mi, ìyẹn ò dáa. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n lọ jẹ́wọ́ fún bàbá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ báyìí, bó bá tiẹ̀ máa mú ọmọ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi, àbí kí n dúró dọjọ́ fírídọ́ọ̀mù, kí n sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn?

Kí ẹ tó bú mi, ẹ gbọ́ ti àná. Mo fa mẹ́mọ́rì, mo yọ wáyà, mo sì gbé fódà iṣẹ́ pa mọ́ síbòmíì. Ṣẹ̀rífátù rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì tún wọn ṣe láàárín ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Nígbà tí èmi tí mo bà á jẹ́ fúnra mi dán an wò, ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló gbà mí.