Woléwolé Tí Kò Wọlé

Ẹ dá ìpàtẹ́wọ́ yẹn dúró ná, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ sì jókòó. Lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ sí mi sọ pé kí n wá bá àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹnu iṣẹ́ yìí sọ̀rọ̀ lórí ohun téèyàn lè ṣe nígbà tí iṣẹ́ bá gbé e lọ sílùú tí kò dé rí. Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́. Ẹ fẹ́ kí n pa yín lẹ́rìn-ín, kí ẹ gbé àga ìfẹ̀yìntì tẹ́ ẹ rà fún mi jáde, ká sì dágbére fúnra wa. Ẹ ṣeun fún àga o, ṣùgbọ́n ẹ má tíì gbé e jáde. Ohun kan wà nínú mi láti ọdún mọ́kànlá tó gbọ́dọ̀ jáde lónìí lójú gbogbo yín. Bí mo bá parí tẹ́ ẹ ṣì fẹ́ fún mi lẹ́bùn, ó kù sọ́wọ́ yín. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Irọ́ tèmi kò tiẹ̀ pé ogún ọdún, èmi fúnra mi ni mo sì ń bá òtítọ́ lé e.

Gbogbo yín lẹ mọ ìnagijẹ mi: Mo-ti-débẹ̀. Ìlú yòówù kí ẹ dárúkọ, màá ní mo ti débẹ̀. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, èmi sì ti rí abuké tó pọ̀. Iṣẹ́ woléwolé ló gbé mi kiri fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Wọ́n á ní kí n lọ wo òrùlé ilé ìwé kan, tàbí ògiri ilé ìwòsàn kan. Èmi á kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n ń lọ wò nílùú yẹn, màá sì kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan. Bí mo bá ti gbé báàgì mi kalẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì, ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ìlú bí onígbàjámọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè dìde kúrò nídìí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà tí abẹ wà lọ́rùn ẹni. Nígbà kan, mo gẹrun lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo, títí ìyàwó mi fi bi mí bóyá iná ló ń jó mi lórí. Lẹ́yìn náà, màá gun ilé gogoro, màá lọ wo ẹja nínú gíláàsì, màá wọ bọ́ọ̀sì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìní ibi tí mò ń lọ. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Ohun tó burú ni pé, díẹ̀díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ ṣe àwáwí fún ìgbafẹ́.

Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, wọ́n rán mi lọ sílùú kan tó wà létí adágún omi, kí n lọ yẹ àtẹ̀gùn onírin tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ ìránṣọ kan wò. Iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta ni. Ẹ mọ bá a ṣe ń ṣe é: wàá gùn ún ní ipele kọ̀ọ̀kan, wàá fi òòlù kékeré lu irin, wàá sì fetí sílẹ̀. Irin tó dáa á ké bí agogo. Èyí tí ìpẹtà ti jẹ nínú á fọhùn bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà. Láago mẹ́jọ àárọ̀, alábòójútó ilé iṣẹ́ náà pè mí lórí fóònù. Ó ju mí lọ lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ ọ̀gá ló ń pè mí. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ káàárọ̀. Mo ti ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ dè yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè máa bọ̀, àtẹ̀gùn yẹn ń mì. Mo ti sọ ọ́ títí, wọ́n ní àfi kí woléwolé wò ó káwọn tó pe jórinjórin.” Mo ní, “Mo ń bọ̀, ẹ fọkàn balẹ̀.” Onígbàjámọ̀ sì ti sọ fún mi lánàá ọjọ́ náà pé ọkọ̀ kan wà tó máa ń gbé èèyàn yí adágún ká, pé aago mẹ́sàn-án ló ń lọ, aago mọ́kànlá ló ń dé. Mo ní kí n wọkọ̀ ná, iṣẹ́ á tẹ̀lé e.

Ìrìn náà dùn, mi ò ní í parọ́ mọ́ ìyẹn náà. Àwọn ẹyẹ funfun ń bà sórí omi, atẹ́gùn sì ń fẹ́. Nígbà tá a dé àárín adágún, ẹ́ńjìnnì kú. Awakọ̀ tú u, ó dè é, ó bú u, ó bẹ̀ ẹ́. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ la tó dé èbúté. Ilé iṣẹ́ ti tì, ọkọ̀ ojú irin mi sì máa gbéra láago mẹ́fà. Mo lè sùn mọ́jú. Mo lè pe ọ́fíìsì pé mo ṣàṣìṣe. Ohun tí mo ṣe ni pé mo wọ ọkọ̀ ojú irin, mo fa fọ́ọ̀mù yọ, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Mo wò ó. Ó dára.” Ẹ sì wá wo bí ọkàn èèyàn ṣe ń gba ẹjọ́ ara rẹ̀ rò: láti orí omi, mo ti rí ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ náà lókèèrè, mo rí àtẹ̀gùn náà tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé. Mo sọ fún ara mi pé, ó ṣáà jẹ́ pé mo wò ó. Woléwolé ni wọ́n ń pè mí, mi ò wolé, mi ò sì wọlé. Ọjọ́ kẹtàlélógún lẹ́yìn náà, àtẹ̀gùn náà wó. Mo ní mo wò ó, ó wó. Àmì orí kan ṣoṣo ló wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì, ẹsẹ̀ obìnrin kan ló sì há sáàárín rẹ̀. Aránṣọ méje ló wà lórí rẹ̀, wọ́n ń lọ jẹun ọ̀sán. Mẹ́fà fara bó. Ẹnì keje, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Oníbọ́tìnì torí pé òun ló ń gán bọ́tìnì, irin já lu ẹsẹ̀ rẹ̀, dókítà sì gé e lórúnkún.

Mo lọ bá ọ̀gá mi ìgbà náà, tó ti dolóògbé báyìí, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó tilẹ̀kùn. Ó ní, “Ta ló tún gbọ́?” Mo ní kò sẹ́nì kankan. Ó ní, “Ìwé sọ pé o débẹ̀. Ohun tí ìwé bá sọ ni ìjọba mọ̀. Tó o bá sọ òmíràn, gbogbo ilé tó o ti wò láti ọjọ́ yìí wá ni wọ́n á ní ká tún lọ wò.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Mo dúpẹ́.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó. Alábòójútó ni wọ́n fẹ̀sùn kàn, wọ́n ní òun ló tú bóòtù tó so irin pọ̀ nígbà tó ń kun àtẹ̀gùn. Ó dìde láàárín èrò, ó ní, “Ẹ̀yin àgbà, mi ò tú nǹkan kan. Ọ̀gá yìí ò débẹ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mi ò tiẹ̀ lọ jẹun, kí wọ́n má baà dé kí wọ́n má bá mi.” Alága yíjú sí mi, ó ní, “Woléwolé, ṣé ẹ débẹ̀?” Mo ní, “Mo débẹ̀.” Ìyẹn nìkan ti tó sọ mí di ọ̀daràn, ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i pé àwọn èèyàn fẹ́ gba ọkùnrin náà gbọ́, ẹ̀rù sì bà mí. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo fi kún un pé, “Kò lè rántí pé mo wá. Mo bá a tó ń sùn lórí àga, ọtí ń rùn lẹ́nu rẹ̀. Mo kàn ré ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá ni.” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kàn ń wò mí. Èmi ni ẹni tí wọ́n ní kó kín ni lẹ́yìn, tó fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kò sì sí ilé iṣẹ́ mìíràn tó gbà á, torí ta ló máa gba ọ̀mùtí?

Lóṣù tó kọjá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wá bá mi pé kí n gbé ìwé kékeré mi fún yín kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo ṣí i kí n lè tún un kọ. Nígbà tí mo dé ojú ewé ìlú yẹn, ohun tí mo bá níbẹ̀ ni: “Ọkọ̀ ojú omi: ẹ má jẹ́ kó fò yín dá.” Mo pa ìwé dé, mo sì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ kejì. Ọ̀dọ̀ Ìyá Oníbọ́tìnì ni mo kọ́kọ́ lọ. Ó gbọ́ mi dópin. Ó ní, “Ẹsẹ̀ mi ò lè hù mọ́. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń ṣépè fún ẹni ẹlẹ́ni! Dìde níwájú mi, lọ bá a.” Nígbà tí mo dé àdúgbò ọkùnrin náà, mo béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń sáṣọ. Ó ní, “Ṣé Ọ̀mùtí lẹ ń wá? Ilé àbúrò rẹ̀ obìnrin ló wà, lọ́hùn-ún yẹn.” Mo ní, “Ṣé ó máa ń mutí ni?” Ó ronú díẹ̀. Ó ní, “Mi ò rí i kó mu ún rí o. Orúkọ tá a bá lára rẹ̀ ni.”

Ó dá mi mọ̀ lójú ẹsẹ̀, ó sì gbé àga fún mi. Mo jẹ́wọ́, kò pariwo. Ó ní, “Níbo lẹ wà lọ́jọ́ náà?” Mo ní, “Orí omi ni mo wà. Mo lọ wo adágún.” Ó ní, “Ṣé ó dùn ún wò?” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mo ń bẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Ẹ dìde, ọ̀gá. Ẹ̀bẹ̀ inú yàrá ò lè pa irọ́ tẹ́ ẹ pa láàárín èrò rẹ́. Ibi téèyàn bá pọ̀ sí ni kẹ́ ẹ ti sọ ọ́. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bà mí jẹ́, mo wà níbẹ̀, mo fetí ara mi gbọ́ ọ. Mo fẹ́ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tún un ṣe.”

Láàárọ̀ yìí, mo ti fi ìwé tí mo fọwọ́ sí ránṣẹ́ sí ìjọba àti sí ilé ẹjọ́. Ohunkóhun tí wọ́n bá fi mí ṣe, mi ò ní í sá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ rìn, ẹ ríran, ayé fẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n rán yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jẹ́. Bẹ́ ẹ bá sì ṣàṣìṣe, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, nígbà tó ṣì kéré tó ohun tí ẹnu lè gbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yíjú sẹ́yìn. Ẹ wo ọkùnrin tó jókòó nítòsí ògiri yẹn, tẹ́ ẹ rò pé awakọ̀ tó gbé mi wá ni. Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde kí wọ́n rí yín. Mo kúnlẹ̀ fún yín níwájú wọn. Ẹ lè dárí jì mí, ẹ sì lè má dárí jì mí. Ẹ̀yin èèyàn, ẹ wojú rẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ sì máa sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ bá pàdé: ọkùnrin yìí ò fẹnu kan ọtí lọ́jọ́ náà. Ó jókòó sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ebi ń pa á, ó ń dúró dè mí.