Obìnrin Tí Mo Dá Dúró Lórí Tẹlifóònù

Àbúrò mi, ti ilẹ̀kùn yẹn, kí o wá jókòó. Má sọ fún mi pé dókítà ní kí n sinmi. Ìsinmi tó pọ̀ ń bẹ níwájú mi, ọ̀fẹ́ sì ni. Kí ìyàwó rẹ máa lọ ra ohun tó fẹ́ rà, ṣùgbọ́n kí ọmọbìnrin rẹ dúró, torí mo fẹ́ kí ẹnì kan tó kéré sí wa gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí kó tó bá mi wọ ilẹ̀ lọ. Mo gbọ́ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lo tún fẹ́ kọjá odò, pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ tí kò dára yẹn, láti lọ wá Abẹ́rẹ́. Má wá a kiri mọ́. Mo mọ ibi tó wà. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀, mo kàn ń wò ọ́ níran ni.

Ọmọ mi, bàbá rẹ á ti dárúkọ Abẹ́rẹ́ fún ẹ rí, àmọ́ kò lè sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ gan-an, torí èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n. Nígbà tí àwa àti àwọn ará òdìkejì odò ń jagun, ilé iṣẹ́ rédíò ni mo wà. Iṣẹ́ mi ò tóbi. Ètò àárọ̀ kan wà tí ará ìlú máa ń pè láti sọ ohun tó ń dùn wọ́n. Olóòtú wà nínú yàrá onígíláàsì, ó ń fi ohùn dídùn kí gbogbo ayé. Èmi wà níta pẹ̀lú tẹlifóònù mẹ́ta àti àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Bí o bá pè, èmi ni màá gbé e. Màá kí ọ, màá ní, "Ẹ dúró díẹ̀, ó máa tó kàn yín." Tó bá kàn ọ́, màá tẹ bọ́tìnì kan, ohùn rẹ á sì bọ́ sórí afẹ́fẹ́. Òfin wa ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dárúkọ ara rẹ̀. Inagijẹ ni kí kálukú mú, torí ìjọba ìgbà yẹn ò fẹ́ràn ẹnu tó ń sọ òótọ́. Gbogbo wa wá gbà pé tí a bá ti fi orúkọ pamọ́, àbùṣe bùṣe. Òmùgọ̀ ni wá. Ẹni tó gbé tẹlifóònù ń gbọ́ adìẹ tó ń ké lẹ́yìn rẹ, ó ń gbọ́ aago ilé ìwé, ó ń gbọ́ orúkọ ọmọ tí o ń bá wí. Àṣírí gbogbo ìlú wà létí mi, kò sì sẹ́ni tó rántí pé mo ní ẹnu.

Abẹ́rẹ́ ni obìnrin náà sọ ara rẹ̀, torí aránṣọ ni. Yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé ló máa ń rán. Ará òdìkejì odò ni bàbá tó bí i lọ́mọ, àmọ́ ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, ìlú yìí ló ti kọ́ṣẹ́, ó sì mọ òwe jù mí lọ. Kí ogun tó dé, kò sẹ́ni tó bi í léèrè ibi tó ti wá. Bí ogun ṣe dé báyìí, gbogbo ará òdìkejì odò di ọ̀tá. Bí wọ́n bá tò láti ra búrẹ́dì, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ń lé wọn sí. Onílé ń kó ẹrù wọn síta. Ọ̀gá ilé ìwé kan kó gbogbo yunifọ́ọ̀mù tí Abẹ́rẹ́ rán padà fún un, ó ní àwọn òbí ò fẹ́ kí aṣọ tí ọ̀tá rán kan ọmọ àwọn lára. Ó wá sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́, kò sunkún, kò pariwo. Ó ní, "Ọmọ tí mo rán ṣòkòtò fún nígbà tó kọ́kọ́ wọ ilé ìwé ti ń hu irùngbọ̀n báyìí. Aṣọ mi ò pa á. Ṣé ogun yìí ló wá bu májèlé sí òwú mi ni?" Olóòtú rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo ìlú rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọn ò gba aṣọ náà. Bá a ṣe rí nìyẹn. A máa ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó sọ òótọ́, ká tó padà sílé lọ ṣe ohun tó ní ká má ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò rí ojú rẹ̀ rí, ohùn rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀, ó sì tó mi. Tẹlifóònù tí wọ́n ń sọ owó sínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́míìlì ló ti máa ń pè, torí mo ń gbọ́ ẹ̀rọ tó ń la pákó lẹ́yìn rẹ̀. Tí ẹ̀rọ náà bá ti dún, á ní, "Ẹ má dá a lóhùn, ọkọ mi ló ń hanrun." Kò lọ́kọ. Mo bi í. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé rédíò ni mo pè ni, àbí alárinà?" Mo wá ń dọ́gbọ́n. Tó bá ti pè, màá jẹ́ kí àwọn tó pè lẹ́yìn rẹ̀ kọjá lọ bá olóòtú, kí òun lè pẹ́ lọ́dọ̀ mi. "Ẹ dúró díẹ̀, ó máa tó kàn yín." Ó mọ̀ pé irọ́ ni mo ń pa. Ó sọ mí ní Ọ̀gbẹ́ni Ẹ-dúró-díẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni Ẹ-dúró-díẹ̀, ta ló fún yín ní rìbá lónìí tí ẹ fi fà mí sẹ́yìn?" Àbúrò mi, o ti bi mí títí ìdí tí mi ò fi fẹ́yàwó. Ìdí nìyẹn. Títí di òní, tí tẹlifóònù bá dún, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọkàn mi ń kọ́kọ́ lọ.

Ìgbà yẹn ni wọ́n mú ìwọ lọ sójú ogun. O ò tíì ní irùngbọ̀n tí abẹ máa fá. Ìyá wa á jókòó ti rédíò látàárọ̀ dalẹ́, oúnjẹ rẹ̀ á tutù síwájú rẹ̀. Kí n sọ èrò mi nípa ogun yẹn, torí mi ò sọ ọ́ nígbà tó yẹ kí n sọ ọ́: kò sí nǹkan tí à ń jà lé lórí tí àgbà méjì ò lè jókòó parí. Àwọn tó kéde rẹ̀ ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì wọn, àwọn ọmọ wọn ń kàwé lókè òkun. Abẹ́rẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ lórí afẹ́fẹ́, èmi ń mi orí níta. Ohun tó wá fa wàhálà ni ọ̀rọ̀ tó fi máa ń kádìí. Á ní, "Ẹ̀yin ọmọ tó wà lójú ogun, níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, ẹni tó dojú ìbọn kọ yín ní ìyá, ìyá rẹ̀ ò sì rí oorun sùn. Ìyá tiyín náà ò rí oorun sùn. Ẹ máa bọ̀ nílé." Kò sọ̀rọ̀ rí kó má fi ìyẹn parí ẹ̀. Ìjọba ní ó fẹ́ tú ogun ká. Mo bi yín, kí ló dára tó kí ogun tú ká?

Ọkùnrin kan wá bá mi níbi iṣẹ́, awò wà lójú rẹ̀. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àna rẹ̀ sọ̀rọ̀, "ẹ jọ̀ọ́, sà", "ẹ má bínú, sà". Ẹ máa sá fún ọlọ́pàá inú tó bá mọ èèyàn kí. Ó ní òun mọ̀ pé mo ní àbúrò lójú ogun. Ó ní ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí o wà ni wọ́n fẹ́ kó lọ sí etí odò, níbi tó jẹ́ pé àlọ lèèyàn ń rí, a kì í rí àbọ̀. Ó ní, "Ọwọ́ yín ló wà bóyá òun náà á bá wọn lọ, sà. Ẹ ṣáà sọ ibi tí obìnrin yẹn ti ń pè fún wa. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ la fẹ́ bá a sọ." Àbúrò mi, mi ò jiyàn. Wọn ò nà mí, wọn ò tì mí mọ́lé. Ká ní wọ́n nà mí ni, ǹ bá rí nǹkan fi bojú lónìí. Mo ní, "Tẹlifóònù ẹ̀gbẹ́ sọ́míìlì." Ó dúpẹ́. Ó wá ní ó ku nǹkan kékeré kan. Èrò pọ̀ níbẹ̀, àwọn ò sì mọ ojú rẹ̀. Tó bá ti gbé tẹlifóònù sílẹ̀, ó lè pòórá. Tó bá pè, kí n ta àwọn lólobó, kí n sì bá àwọn dá a dúró. Ẹ gbọ́ o. Nǹkan tí mo ti ń fi ìfẹ́ ṣe láràárọ̀ ni ọkùnrin yẹn bẹ̀ mí pé kí n ṣe.

Ó pè. Ohùn rẹ̀ dùn lọ́jọ́ yẹn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ní, "Ẹ dúró díẹ̀, ó máa tó kàn yín." Mo fi tẹlifóònù kejì ta wọ́n lólobó. Kò sí ẹnì kankan níwájú rẹ̀. Olóòtú ń juwọ́ sí mi láti inú gíláàsì pé kí n fún òun lẹ́ni tó kàn, mo ṣe bí ẹni tí kò rí i, ó sì fi orin dí àyè. Mo bi Abẹ́rẹ́ nípa iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ẹnì kan ti yọ́ wá ra díẹ̀ nínú yunifọ́ọ̀mù yẹn, àmọ́ ó ní kí òun tú àmì ilé ìwé kúrò kí ojú má bàa ti òun. Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá ní, "Ọ̀gbẹ́ni Ẹ-dúró-díẹ̀, tí ogun yìí bá parí, ẹ wá kí n wọn yín fún ṣòkòtò kan. Ó ń wù mí kí n mọ bí ẹ ṣe ga tó." Háà! Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń retí látọjọ́ yìí nìyẹn. Ká ní mo ní kó sá, ì bá sá. Ẹnu mi ti là. Mo rántí etí odò, mo rántí Ìyá wa àti oúnjẹ tó tutù, mo wá ní, "Ẹ má lọ o, ó ti ń kàn yín."

Mo gbọ́ tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn àgọ́ tẹlifóònù náà. Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin. Abẹ́rẹ́ rò pé àwọn tó fẹ́ lo tẹlifóònù ni, ó fi sùúrù sọ fún wọn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n ní ó ti ń kàn mí." Nígbà tó yé e, ó kígbe sí mi létí: "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ fi mí sórí afẹ́fẹ́! Ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn gbọ́!" Bọ́tìnì náà wà lábẹ́ ìka mi. Ká ní mo tẹ̀ ẹ́, gbogbo ìlú ni ì bá gbọ́ ohun tí wọ́n ń fojú rẹ̀ rí, bóyá ẹnì kan ì bá jáde láti inú sọ́míìlì. Mi ò tẹ̀ ẹ́. Mo rọra gbé tẹlifóònù sílẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. Olóòtú bi mí pé ta ló pè, mo ní wọ́n ṣi nọ́ńbà pè ni.

Ọkùnrin aláwò yẹn mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ rẹ, wọ́n ní kí o máa wa ọkọ̀ oúnjẹ. Àwọn tó kù lọ sí etí odò, o sì mọ bí wọ́n ṣe parí. Nígbà tí ogun parí, ìwọ dé sílé, ẹsẹ̀ kan bàjẹ́ nínú jàǹbá ọkọ̀, àmọ́ o dé. Ìyá wa jó títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ohun tí o kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, obìnrin tó ń ní ká máa bọ̀ nílé ńkọ́? Mo ti dojú ìbọn kọ ara mi lọ́jọ́ kan kí n tó gbọ́ ọ nínú rédíò ọmọ ogun ẹlẹgbẹ́ mi kan. Mo fẹ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún un." Mo ní ó ti kó lọ sí òdìkejì odò. Irọ́ ni! Mo ti lọ sí sọ́míìlì, obìnrin tí òun àti Abẹ́rẹ́ jọ háyà ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ti sọ fún mi pé ó kú sí àhámọ́ kí ogun tó parí, àwọn aránṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbowó jọ gba òkú rẹ̀, wọ́n sì sin ín sẹ́yìn ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́. Ìwọ ń kọjá odò, ò ń bọ̀, ò ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo aránṣọ tí o bá rí, èmi ni mò ń bá ọ di ẹrù. Mo tún máa ń ní, "Ọlọ́run á jẹ́ kí o rí i." Wo irú èèyàn tí ò ń pè ní ẹ̀gbọ́n.

Kí ló dé tó o dìde? Sọ̀rọ̀. O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀mí mi lẹ fi í rà?" Bẹ́ẹ̀ ni, àbúrò mi. O tún ní, "Ta ló ní kí ẹ rà á?" Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́. Àbúrò mi! Àbúrò mi, dákun, má tíì lọ.

Jẹ́ kó máa lọ, ọmọ mi, má sáré tẹ̀ lé e. Jókòó síbi tó jókòó sí. Ìwọ àti àwọn ojúgbà rẹ ní fóònù lápò, ẹ ń sọ ohun tó wù yín, ẹ rò pé tiyín yàtọ̀. Mo máa ń rí ohun tí ẹ ń kọ nípa àwọn ará òdìkejì odò: eku ni wọ́n, kí wọ́n padà síbi tí wọ́n ti wá. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ la fi bẹ̀rẹ̀ nígbà tiwa, níbi tí a ti tò ra búrẹ́dì. Bí wọ́n bá sì sọ fún ẹ pé ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan sọ léwu fún ìlú, kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá irọ́ ni. Mi ò na ẹnikẹ́ni, mi ò yìnbọn. Orí àga ni mo jókòó sí. Wọ́n máa wá bá èèyàn jẹ́jẹ́ báyìí ni, wọ́n á ní kó ṣe iṣẹ́ tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, wọ́n á fi ẹni tó fẹ́ràn ṣèlérí fún un. Má gbà. Bí wọ́n bá tiẹ̀ fi bàbá rẹ ṣèlérí fún ẹ, má gbà. Mo mọ bó ṣe le tó, torí tí wọ́n bá tún bi mí lónìí, mi ò mọ̀ bóyá màá lè fi ọ́ sílẹ̀ láìní bàbá. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Abẹ́rẹ́ ò sí mọ́ tí mo lè bẹ̀, bàbá rẹ nìkan ló kù. Mi ò ní kó dárí jì mí lónìí. Kó kọ́kọ́ lọ sẹ́yìn ọgbà ẹ̀wọ̀n yẹn, kó dọ̀bálẹ̀ fún un bó ṣe fẹ́. Àmọ́ kó padà wá síbí kí ẹ̀mí yìí tó bọ́. Kó wá bú mi, kó pariwo, kí àwọn nọ́ọ̀sì gbọ́, kí gbogbo ilé ìwòsàn yìí mọ ohun tí mo ṣe. Lọ bá a, ọmọ mi. Sọ fún un pé ohunkóhun tó bá ní lọ́kàn ni kó wá sọ, màá gbọ́ ọ dé òpin.